Bí A Ṣe Ń Fi Èdè Gíríìkì àti Èdè Bhojpuri Wéra

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a lè rí kà lórí èdè Gíríìkì àti lórí èdè Bhojpuri, tí wọ́n ń sọ ní ìhà àríwá Íńdíà, ni wọ́n kọ fún ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ohun tó ṣàjèjì sí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń ṣàlàyé lọ títí, wọn a sì sáré kọjá lórí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì náà ní. Yorùbá tó bá gbára lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan yóò kàn máa fi ojú olójú wòran ni. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín gba ọ̀nà mìíràn: Yorùbá ni kó jẹ́ òṣùwọ̀n wa. Èdè wa ní fáwẹ̀lì àránmúpè, ó ní ohùn tí ń yí ìtumọ̀ padà, ó ní ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ, kì í sì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ni yóò la ojú wa sí ohun kan tí ń bẹ nínú Gíríìkì tàbí nínú Bhojpuri, tí ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ọ́n lè má rí.

Ohun èlò iṣẹ́ náà kò wọ́n. Ẹ ra ìwé àjákọ tí ojú ewé rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà sí i kí ó lè ní òpó mẹ́rin: ọ̀kan fún Gíríìkì, ọ̀kan fún Bhojpuri, ọ̀kan fún Yorùbá, ìkẹrin fún ìdájọ́ tiyín. Òpó kẹrin yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Lórí fóònù, Wikipedia wà ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì lè ṣí àkọlé kan náà, bí omi tàbí òṣùpá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Google Translate náà gba Bhojpuri wọlé ní ọdún 2022. Ó wúlò fún wíwá ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé yín àyàfi tí ẹnìkan tí ń sọ èdè náà bá ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, nítorí pé Híńdì àti Bhojpuri súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Èèyàn ló ṣòro díẹ̀ láti rí. Etí ará Èkó kò di sí Gíríìkì pátápátá, nítorí orúkọ Leventis tí gbogbo àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ ní Marina jẹ́ orúkọ ọmọ Kípírù kan tí ń sọ Gíríìkì, àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà sì máa ń kọ́ Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ṣùgbọ́n àlùfáà tó lè ka Ìhìnrere Máàkù ní Gíríìkì lè má lè ra búrẹ́dì ní Áténì, nítorí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ló wà láàárín Gíríìkì méjèèjì. Ní ti Bhojpuri, àwọn ará Íńdíà wà ní Ìlúpéjú àti àyíká rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ará Íńdíà ló ń sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló gbọ́ èdè Ìjọ. Ẹni tó wá láti Gujarat tàbí Punjab kò ní èdè yìí nílé. Ẹ béèrè ìlú tí onítọ̀hún ti wá: bí ó bá dárúkọ ìwọ̀-oòrùn Bihar tàbí ìlà-oòrùn Uttar Pradesh, tàbí ó ní Chhapra, Arrah, Ballia, Gorakhpur tàbí Varanasi ni ilé òun, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ kí i ní «Pranaam», kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù jáde láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Eré Íńdíà orí tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín, nítorí Híńdì ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n á sì tún fi Gẹ̀ẹ́sì bo Híńdì náà mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí ohun tí ẹ fẹ́ fi wéra

Gíríìkì àti Bhojpuri jẹ́ ọmọ ẹbí èdè kan náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Índò-Yúróòpù. William Jones, adájọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Calcutta, ló sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 1786 pé Sanskrit (èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà), Gíríìkì àti Látìn jọra ju ohun tí a lè pè ní èèṣì lọ, àti pé ó ní láti jẹ́ pé orísun kan ni wọ́n ti ṣàn wá. Nínú ẹbí yìí, Gíríìkì dá ẹ̀ka tirẹ̀ ní, kò sí èdè mìíràn tó wà láàyè lónìí tí a lè pè ní àbúrò rẹ̀ gan-an. Bhojpuri ní tirẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹpẹtẹ: Maithili àti Magahi wà nítòsí rẹ̀, Bengali kò jìnnà, gbogbo wọn sì ti inú èdè Prakrit, ìyẹn èdè ẹnu àwọn ará ìlú láyé àtijọ́, ti ìhà Magadha ní Bihar jáde, èyí tó bá Sanskrit tan.

Ibi tí ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gíríìkì ní ìwé àtijọ́ lọ́wọ́. Wàláà amọ̀ tí wọ́n fi àmì Linear B kọ, tí Michael Ventris tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún 1952, fi hàn pé wọ́n ti ń kọ Gíríìkì sílẹ̀ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bhojpuri kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ tó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Bhojpuri tí awakọ̀ kan ń sọ lónìí, ó ti fi baba ńlá ilé kan wé ọmọ ọwọ́ ilé kejì. Gíríìkì àtijọ́ ni kí ẹ fi wé Sanskrit. Gíríìkì òde òní ni kí ẹ fi wé Bhojpuri. Bí ẹ bá ní láti lo méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú òpó kẹrin pé ti ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ipò tí ìjọba fún èdè ṣì yín lọ́nà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 ènìyàn ló ń sọ Gíríìkì, ó sì jẹ́ èdè ìjọba ní ilẹ̀ Gíríìsì àti ní Kípírù. Ètò ìkànìyàn Íńdíà ní ọdún 2011 rí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 50 tí wọ́n pe Bhojpuri ní èdè ìyá wọn, síbẹ̀ abẹ́ Híńdì ni wọ́n kà wọ́n sí, èdè náà kò sì sí lára àwọn 22 tí òfin ilẹ̀ náà dárúkọ. Ẹni tó bá ń wá gírámà Bhojpuri lórí àtẹ ìwé yóò tètè rò pé èdè kékeré kan ni, tàbí pé ẹ̀ka Híńdì ni, nítorí ìwé rẹ̀ kò pọ̀ tó ènìyàn rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti rin ìrìn-àjò ju bí a ṣe lérò lọ. Láti ọdún 1834 ni wọ́n ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ tí ń sọ ọ́ lọ sí oko ìrèké ní Mauritius, lẹ́yìn náà Guyana, Trinidad àti Suriname. Ará Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ padà wá láti Brazil, kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ bí èdè ṣe ń bá àwọn tí wọ́n kó lọ ré kọjá òkun.

Etí ṣáájú ojú

Ẹ má tíì ka ohunkóhun. Ẹ gbọ́ ọ ná. Ẹ wá ìròyìn rédíò Gíríìkì àti orin tàbí ọ̀rọ̀ Bhojpuri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ gbogbo ìró tí Yorùbá kò ní sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń gbọ́ wọn.

Gíríìkì òní ní fáwẹ̀lì márùn-ún péré, a, e, i, o, u, kò sì ní àránmúpè kankan. Bhojpuri ni yóò mú inú Yorùbá dùn ní ìhà yìí, nítorí ó ní fáwẹ̀lì àránmúpè dáadáa: «haan» ni bẹ́ẹ̀ ni, «aankh» ni ojú, «daant» ni eyín, afẹ́fẹ́ sì ń gba imú jáde nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bó ti ń gba imú jáde nínú «ìkan» àti «ìbọn» tiwa. N tí ẹ rí nínú ìkọsílẹ̀ wọ̀nyí kò ju àmì lásán lọ. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ ní láti kọ́ ìyàtọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Àwa kò nílò ju kí wọ́n sọ fún wa pé ó wà.

Ibi tí wàhálà wà fún wa ni kọ́ńsónáǹtì onímìí. Bhojpuri ya p sọ́tọ̀ kúrò lára ph, ó ya b sọ́tọ̀ kúrò lára bh, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe t, d, k àti g. Èémí tó tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì náà ló ń yí ìtumọ̀ padà: «baat» ni ọ̀rọ̀, «bhaat» ni ìrẹsì sísè. Etí Yorùbá yóò gbọ́ méjèèjì bí ọ̀kan. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu yín bí ẹ bá ń pè é; bí èémí kò bá kan ọwọ́, «baat» ni ẹ ṣì ń sọ. Gíríìkì àtijọ́ ní irú ìró yìí nínú lẹ́tà φ, θ àti χ, ṣùgbọ́n Gíríìkì òní ti sọ wọ́n di ìró tí ń há, bíi f, bíi ìró tí ahọ́n ń gbé láàárín eyín, àti bíi h tó le lọ́fun. Lẹ́tà γ náà di ohun tí ará Oǹdó lè pè láìkọ́ ọ, nítorí pé gh inú «eghó», bí wọ́n ṣe ń pe owó, ni.

Ní ti ohùn, kò sí èyí tó ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ má ṣe kọjá lórí Gíríìkì kíákíá. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nínú èdè náà ń yí ìtumọ̀ padà: «nómos» ni òfin, «nomós» sì ni ẹkùn ìjọba, «póte» ni ìgbà wo, «poté» sì ni láéláé. Gíríìkì àtijọ́ tilẹ̀ fi ohùn gan-an ṣe èyí, kì í ṣe agbára lásán, àwọn onímọ̀ Gíríìkì ní Alexandria, ní ilẹ̀ Íjíbítì, sì hùmọ̀ àmì láti fi tọ́ka sí ohùn tó lọ sókè àti èyí tó lọ sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àmì ´ àti àmì ` ti gba ọwọ́ Látìn àti èdè Yúróòpù kọjá, títí ó fi dé orí fáwẹ̀lì Yorùbá. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn pa ọ̀pọ̀ àmì náà tì ní ọdún 1982, wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Àwa tí a ṣì ń lo méjì, tí a sì ń lò wọ́n fún ohùn, la wá súnmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀ jù.

Kíkọ kò gba àkókò púpọ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ní lẹ́tà 24, wọ́n sì mú un láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Foníṣíà. Ohun tó ń dani láàmú nínú rẹ̀ ni pé η, ι, υ, ει àti οι ló ń dún bíi i kan náà lónìí. Ẹ ṣọ́ra fún àmì «;», nítorí àmì ìbéèrè ni wọ́n ń fi í ṣe. Bhojpuri ń lo àmì ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Devanagari lónìí, níbi tí kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan ti gbé fáwẹ̀lì a pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ìkọ̀wé mìíràn, Kaithi, ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti ilé-ẹjọ́ ní Bihar ń lò tẹ́lẹ̀ rí.

Ogún, àyálò, èèṣì

Nísinsìnyí, ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tí èdè kì í tètè fi tọrọ: ẹ̀yà ara, ònkà láti oókan dé ẹẹ́wàá, ẹbí, omi, jíjẹ, mímu, sísùn. Bí ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti ti Bhojpuri bá jọra, ẹ má tíì yọ̀. Ìdájọ́ mẹ́ta ló wà, ọ̀kan nínú wọn ni kí ẹ kọ sí òpó kẹrin: ogún, bí àwọn méjèèjì bá jogún ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà, àyálò, bí ọ̀kan bá yá a lọ́wọ́ èkejì, tàbí tí àwọn méjèèjì yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èèṣì, bí ó bá kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn.

Bí a ṣe ń mọ ogún kì í ṣe nípa pé ọ̀rọ̀ méjì dún bákan náà, bí kò ṣe nípa pé ìyàtọ̀ àárín wọn ń tẹ̀ lé ìlànà. A mọ èyí láàárín àwa náà: ará Oǹdó ní «eghó» fún owó, ó ní «ọghọ́» fún ọwọ́, a sì lè sọ pé ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò bá ti ní w, ó ṣeé ṣe kí Oǹdó ní gh. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá. «Eptá» ni èje ní Gíríìkì, «heptá» sì ni wọ́n ń pè é látijọ́. «Saat» ni ní Bhojpuri, láti inú «sapta» ti Sanskrit. «Ýpnos», tó ti jẹ́ «hýpnos» rí, ni oorun. «Sapna» ni àlá. Ìgbà méjì nìyẹn tí h Gíríìkì àtijọ́ ti pàdé s. Ẹ wò ó síwájú sí i: «déka» àti «das» ni ẹẹ́wàá, «ekató» àti «sau» ni ọgọ́rùn-ún, k ti Gíríìkì sì tún pàdé s lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìlànà kan bá ti ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ kọ «ogún».

Nípasẹ̀ ìlànà yìí ni ẹ óò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò jọra rárá lè jẹ́ ọmọ ìyá. Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ ni ojú. «Máti» ni ojú ní Gíríìkì. «Maati» ni ilẹ̀pẹ̀ ní Bhojpuri. Wọ́n jọra bí ìbejì, èèṣì pátápátá sì ni. «Aankh» ni ojú ní Bhojpuri, kò sì jọ «máti» níbì kankan, ṣùgbọ́n «máti» jẹ́ ìkékúrú «ommátion», tí ó wá láti inú «ómma», gbòǹgbò kan náà ló sì bí «ómma» àti «akshi» ti Sanskrit, tó di «aankh». Èyí tó jọra kò tan, èyí tó tan kò jọra. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ti tó láti jẹ́ kí ènìyàn fura sí gbogbo ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ méjì tó dún bákan náà pe èdè kan ní ọmọ èdè mìíràn, èyí tí a kì í ṣe aláìrí láàárín wa.

Omi náà dùn ún tú. «Píno neró» ni mo ń mu omi ní Gíríìkì. «Ham paani piyat baani» ni ní Bhojpuri. «Neró» àti «paani» kò tan. Ṣùgbọ́n «píno» àti «piyat» tan, nítorí gbòǹgbò kan náà tó túmọ̀ sí mímu ló bí wọn, «paani» fúnra rẹ̀ sì wá láti inú ọ̀rọ̀ Sanskrit tó túmọ̀ sí ohun tó ṣeé mu. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Gíríìkì fi ń mu ni ìbátan rẹ̀ di omi ní Bhojpuri. «Neró» ní tirẹ̀ jẹ́ omi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn, láti inú «néos» tó túmọ̀ sí tuntun, èyí tó bá «naya» ti Bhojpuri tan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú òpó kẹrin ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àyálò gba kí ẹ mọ ìtàn. Bhojpuri ń pe ọjà ní «bajaar», Gíríìkì náà sì ní «pazári». Kì í ṣe ogún, Páṣíà ni méjèèjì ti wá, ti Gíríìkì sì gba ọwọ́ àwọn Tọ́kì kọjá. «Daam» ni iye owó ọjà ní Bhojpuri, láti ara «drachmí», owó Gíríìkì tí wọ́n ń ná ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ọmọ-ogun Alexander dé ibẹ̀. Gíríìkì náà yá tirẹ̀: «pipéri», ìyẹn ata, àti «záchari», ìyẹn ṣúgà, ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Àyálò mìíràn tilẹ̀ kàn wá nílé. «Kálamos» ti Gíríìkì, tó jẹ́ ewéko bí esùsú tí wọ́n fi ń kọ̀wé, di «qalam» lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Bhojpuri gbà á ní «kalam», àwọn ọmọ ilé-kéú ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Muṣin sì ń pè é ní kálámù. Bí a bá fẹ́ kà á dáadáa, áńgẹ́lì, àpósítélì àti bíṣọ́ọ̀bù tí ìjọ wa ń dá lóhùn lójoojúmọ́ wá láti inú «ángelos», «apóstolos» àti «epískopos», bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí pé Gíríìkì àti èdè ìhà Bihar pàdé ara wọn rí lójúkojú, ẹ ka ìtàn Ọba Ashoka. Pataliputra, tí í ṣe Patna òde òní, tó wà lẹ́bàá ilẹ̀ àwọn tí ń sọ Bhojpuri, ni ààfin rẹ̀ wà ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ó pàṣẹ kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ òun sára àpáta ní èdè tí àwọn ará agbègbè kọ̀ọ̀kan gbọ́, ní Kandahar, ní ilẹ̀ Afghanistan òní, Gíríìkì àti Árámáíkì ni wọ́n sì fi kọ èyí tí wọ́n rí ní ọdún 1958. Ibi tí èdè ààfin ti ní «dhamma», ìyẹn ìwà òdodo, Gíríìkì fi «eusébeia», ìyẹn ìfọkànsìn, sí i. Fún ẹni tí ń fi èdè wéra, irú àpáta bẹ́ẹ̀ níye lórí gan-an, nítorí ó fi hàn bí àwọn ògbufọ̀ ìgbà yẹn fúnra wọn ṣe fi èdè méjèèjì wéra.

Gbólóhùn

Ẹ tún padà sí «Píno neró» àti «Ham paani piyat baani». Gíríìkì kò fi olùwà sí i, nítorí -o ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ti sọ ẹni tí ń mu: «gráfo» ni mo ń kọ, «gráfis» ni o ń kọ, «gráfi» ni ó ń kọ. Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni. Bhojpuri ń yí i padà, ṣùgbọ́n ara «baani», «baara» àti «baa» tó kẹ́yìn gbólóhùn ni ìyípadà náà ti hàn jù. Ní ti ètò, Bhojpuri ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sẹ́yìn àbọ̀, bí ẹni pé a ní «mo omi ń mu», ó sì ń fi atọ́kùn sẹ́yìn orúkọ: «ghar me» ni nínú ilé, níbi tí Gíríìkì ti ní «sto spíti», tó tò bíi tiwa.

Ibi kan wà tí Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo ojú ewé púpọ̀ láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ «tha gráfo» àti «tha grápso» ní Gíríìkì. Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni: «n óò máa kọ» ni ti àkọ́kọ́, «n óò kọ» ni èkejì. Bhojpuri ní «ham likhab» fún ọjọ́ iwájú, tí b ìparí rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ tí «óò» ń ṣe fún wa.

Ní ti akọ àti abo, Gíríìkì le. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo, ọmọdé pàápàá, «to pedí», sì wà nínú ẹ̀ka kẹta yìí. Bhojpuri kò le tó bẹ́ẹ̀. «U» rẹ̀ dúró fún ọkùnrin àti obìnrin gẹ́gẹ́ bí «ó» tiwa, àfi pé ọ̀rọ̀-ìṣe lè tú obìnrin fó: «u gail» ni ọkùnrin lọ, «u gaili» ni obìnrin lọ. Ohun tí Bhojpuri fi dípò ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ń tẹ̀ lé ònkà. «Du go» tàbí «tin go» ni wọ́n ń wí kí wọ́n tó dárúkọ ohun tí wọ́n ń kà, bí ẹni pé a ń fi «ẹyọ» sí gbogbo nǹkan.

Ọ̀wọ̀ àti ẹbí

Apá yìí ni mo rò pé Yorùbá yẹ kó lo àkókò rẹ̀ lé lórí jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ Gíríìkì bí a ṣe ń sọ «níbo lò ń lọ?» fún ọmọdé àti «níbo lẹ ń lọ?» fún àgbà. Yóò ní «Pou pas?» àti «Pou páte?», ẹ óò sì rí i pé «páte» yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ènìyàn púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí «ẹ» ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì fún wa. Bhojpuri ní ipele mẹ́ta: «ten» fún ẹni tí a lè já lù, «tu» fún ojúgbà, «rauwa» fún ẹni ọ̀wọ̀. «Tu kahaan jaat baara?» ni o ń lọ, «Rauwa kahaan jaat baani?» ni ẹ ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ béèrè bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ àgbà tí kò sí níjokòó. Àwa á ní «wọ́n ń lọ» fún bàbá kan ṣoṣo. Gíríìkì kò ní irú èyí. «Pái» ni fún bàbá àti fún ọmọ. Bhojpuri ní in: «u jaat baa» fún ẹni tí kò gba ọ̀wọ̀, «u jaat baaran» fún ẹni tó gbà á. Ẹ óò rí i pé Gíríìkì àti Bhojpuri, tí wọ́n jẹ́ ẹbí, yàtọ̀ síra níhìn-ín, tí Bhojpuri sì bá Yorùbá, tí kò bá a tan, dọ́gba. Irú ìjọra báyìí kò wọ inú ogún, àyálò tàbí èèṣì lásán. Bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé ló mú un wá, ẹ sì lè fa ìlà mìíràn fún un nínú ìwé yín.

Ẹbí náà rí bẹ́ẹ̀. Gíríìkì ní «adelfós» fún arákùnrin, «adelfí» fún arábìnrin, kò sì bìkítà ẹni tó kọ́ dé ayé. Bhojpuri ní «bhaiya» fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti «bhauji» fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ya arákùnrin bàbá, «kaka», sọ́tọ̀ kúrò lára arákùnrin ìyá, «maama», níbi tí Gíríìkì ti ní «thíos» fún gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí ẹ bá tú «adelfós» palẹ̀, ẹ óò bá ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún inú tí a ti bíni nínú rẹ̀: ẹni tí a jọ wá láti inú kan náà, èyí tí ọmọ ìyá tiwa náà ń sọ. «Bhai» ti Bhojpuri, tó túmọ̀ sí arákùnrin, ní ìbátan nínú Gíríìkì àtijọ́, «phrátēr», ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ìdílé ńlá ni wọ́n ń fi í pè nígbà náà, kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni.

Nígbà tí ẹ bá ti ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn mẹ́wàá, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó sọ wọ́n fún yín, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí etí wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú wọn sí orí ojú ewé, nítorí Bhojpuri Varanasi kì í ṣe Bhojpuri Chhapra délẹ̀délẹ̀, Gíríìkì Kípírù pẹ̀lú sì ní ìró tí ará Áténì kì í pè. Ibi tí wọ́n bá ti jiyàn pẹ̀lú yín, ẹ kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí i, kí ẹ má ṣe pa èyí tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́.